Ọ̀rọ̀ Ààrẹ Tubman Tí Ó Wà Lórí Òṣùpá

Láti July 20, 1969, ni iṣẹ́ tí Ààrẹ William Tubman rán láti Monrovia ti wà lórí òṣùpá. Nígbà tí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fi àwo kékeré kan sílẹ̀, tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Ọ̀rọ̀ ìkíni láti ọ̀dọ̀ àwọn olórí orílẹ̀-èdè 73 ni a kọ sára rẹ̀, ní lẹ́tà tí ojú lásán kò lè kà. Láìbéríà wà níbẹ̀. Dahomey àti Togo, tí àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Síbẹ̀, bí a bá sọ èyí ní ọjà Waterside ní Monrovia lónìí, kò ní ṣòro láti rí ẹni tí yóò wí pé irọ́ ni, pé inú ilé ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ya gbogbo àwòrán náà. Kí a má ṣe fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Òyìnbó ti tan àwọn baba wa jẹ rí, ẹni tí ejò sì ti bù jẹ, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ìmọ̀.

Ó lè béèrè pé, èéṣe tí ìràwọ̀ kò fi hàn nínú àwòrán náà? Kí ó fi ẹ̀rọ alágbèéká rẹ̀ ya ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ iná mànàmáná lálẹ́. Ọ̀rẹ́ náà yóò hàn, ṣùgbọ́n bóyá ni ìràwọ̀ kan yóò fi hàn, nítorí ojú ẹ̀rọ kì í là pẹ́ bí ohun tí ó ń yà bá mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ òṣùpá ti mọ́lẹ̀ nínú oòrùn.

Àsíá ńkọ́, tí ó ń mì níbi tí kò sí afẹ́fẹ́? Ọ̀pá ni wọ́n fi na etí rẹ̀ lókè. Ọwọ́ àwọn tí ó ń rì í mọ́lẹ̀ ni ó mì í, kò sì sí afẹ́fẹ́ tí yóò tètè dá a dúró.

Dígí tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Láti Grasse, nílẹ̀ Faransé, àwọn onímọ̀ ń tan ìtànṣán lésà sí i, ó sì ń padà sọ́dọ̀ wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀. Rọ́ṣíà pàápàá, tí ó ń bá Amẹ́ríkà díje nígbà náà, kò sẹ́ ìrìn-àjò yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ má bú u, ẹ fi ọ̀nà hàn án. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá mọ bí a ti í yẹ ọ̀rọ̀ wò, yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti tún tàn án jẹ.