Okùn Rọ́bà Ọlọ́kadà
Tíúbù tí a gé, irin ìkọ́. Abà kòkó, Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹni tó bá ń kọjá ní Ọ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Benin, ariwo ọkọ̀ nìkan ló mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n téèyàn bá yà kúrò lójú títì, tó dorí kọ igbó Olúwa, ayé di ti abà: ilé mélòó kan láàárín oko kòkó, tí mọ́tò kì í lè dé lásìkò òjò. Ọ̀kadà ló ń gbé aláboyún jáde, òun náà ló ń kó kòkó lọ sọ́jà. Àpò kan lé ní kílò 60. Ìkórè ńlá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró, àfi bí ẹni pé kòkó àti ẹrẹ̀ jọ ṣàdéhùn.

Okùn rọ́bà yìí ni ọlọ́kadà fi ń di àpò mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Abẹ ni wọ́n fi ń gé tíúbù táyà yí po bí ẹní ń bó ọsàn, kó lè gùn. Okùn lásán á dẹ̀ bí ọ̀kadà bá ń ta nínú kòtò. Rọ́bà á nà, á sì tún sún kì.

Àwọn Inuit, ní àríwá Kánádà tí yìnyín ti ń bo òkun, mọ irú ọgbọ́n yìí. Láyé àtijọ́, awọ ẹran òkun ni wọ́n fi ń so igi qamutiik, ohun ìrìnnà tí ajá ń fà, láìkan ìṣó, kó má baà fọ́ lórí yìnyín gbágungbàgun. Òjò ló ń dí ọ̀nà tiwa. Tiwọn, ìgbà tí yìnyín bá yọ́ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà á wò. Ó ti gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè ta èèyàn lójú.