Erin Gorongosa tí kò hu eyín mọ́: kí ni ìyípadà kíákíá ń gbà lọ́wọ́ ẹranko?

Ogun abẹ́lé tó jà ní Mòsáḿbíìkì láti ọdún 1977 títí di 1992 kò mọ sọ́dọ̀ ènìyàn nìkan. Gorongosa, ọgbà ẹranko tó wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, bọ́ sójú ìjà gan-an. Àwọn ọmọ ogun ìjọba ń pa erin, àwọn ọlọ̀tẹ̀ RENAMO náà ń pa á. Wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n sì ń ta eyín rẹ̀ láti fi ra ohun ìjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, erin tó wà níbẹ̀ tó bíi 2,500. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, wọn kò tó 250 mọ́.

Àwọn tó ṣẹ́kù yìí ní ohun kan lára tí kò ṣeé fojú fò. Kí ogun tó dé, nínú ọgọ́rùn-ún abo erin Gorongosa, bíi méjìdínlógún ni kì í hu eyín gígùn. Lẹ́yìn ogun, nínú àwọn àgbà abo tó yè é, ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Ogun kò yọ eyín lẹ́nu erin kankan o. Ẹni tó gbé ìbọn wọgbó nítorí eyín kò ní fi ọta ṣòfò sára erin tí kò léyín. Èyí tó léyín kú, èyí tí kò léyín yè, ó sì bímọ. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ kan tó ń fi àgbàdo tó yọmọ jù lọ jẹ lọ́dọọdún, tó wá ń fi èyí tí kò yọmọ ṣe irúgbìn. Kò ní pẹ́ tí oko rẹ̀ yóò fi yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní kí àgbàdo yí padà.

Èyí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹfolúṣọ̀n: àbùdá tí ẹranko jogún ń di púpọ̀ tàbí ń dín kù láti ìran dé ìran. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́ ọ níléèwé pé ohun tó máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Charles Darwin pàápàá gbà pé ojú ènìyàn kò lè tó o. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1977 kan náà tí ogun Mòsáḿbíìkì bẹ̀rẹ̀, ọ̀dá dá ní erékùṣù Daphne Major ní Galápagos, níbi tí Peter àti Rosemary Grant ti ń wọn àgógó ẹyẹ. Èso wẹ́wẹ́ tán, ó wá ku èyí tí èèpo rẹ̀ le. Ẹyẹ tí àgógó rẹ̀ nípọn ló lè fọ́ ọ, òun náà ló yè, àwọn ọmọ tó bí sì ní àgógó tó nípọn. Àárín ọdún díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ti erin yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí òun ló fi hàn wá ohun tí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń ná ẹranko. Lọ́dún 2021, Shane Campbell-Staton, Robert Pringle àti àwọn akẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fi fíìmù àtijọ́ tí wọ́n yà kí ogun tó dé wé ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn ogun, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn abo tó léyín àti àwọn tí kò léyín. Ìṣirò wọn fi hàn pé abo tí kò léyín ní àǹfààní láti yè lásìkò ogun náà ní ìlọ́po márùn-ún ju èyí tó léyín lọ. Láàárín àwọn ọmọ abo tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun, nígbà tí ìbọn ti dákẹ́, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ni kò hu eyín. Èyí já sí pé ogun náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ìró rẹ̀ rí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ abo nìkan ni? Eyín gígùn erin, eyín iwájú ni, òun ló gùn tó sì yọ síta. Ẹ̀rí tọ́ka sí ibì kan lára krómósómù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó gbé àbùdá dání, níbi tí jíìnì kan tó ń jẹ́ AMELX wà, tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí eyín ṣe ń dá. Abo ní X méjì: bí ọ̀kan bá yí padà, èkejì á gbé e ró, erin náà kò kàn ní hu eyín gígùn ni. X kan ṣoṣo ni akọ ní. Bí ó bá jẹ́ èyí tó yí padà ló jogún, kì í wáyé láàyè. Nítorí náà, nínú àwọn ọmọ tí ìyá tí kò léyín ń bí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ abo. Oṣù méjìlélógún ni erin fi ń lóyún. Ẹ wá ṣírò ohun tí ìdajì oyún akọ tó ń ṣòfò túmọ̀ sí fún agbo tí kò tó 250.

Iṣẹ́ tí eyín ń ṣe nínú igbó tún wà níbẹ̀. Òun ni erin fi ń wa omi nínú ìsàlẹ̀ odò tó gbẹ, òun ló fi ń bó èèpo igi, òun náà ló fi ń gbèjà ara rẹ̀. Àwọn ẹranko mìíràn ń mu nínú ihò tó wà. Tí eyín bá lọ, gbogbo ilẹ̀ náà ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń sọ pé ẹranko á mọ bó ṣe máa ṣe é, pé ìṣẹ̀dá á tún ara rẹ̀ ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gorongosa kì í ṣe àtúnṣe. Gbèsè ni, ọmọ ló sì ń san án.

Kì í ṣe gbogbo ìyípadà kíákíá ló sì jẹ́ iṣẹ́ ìbọn tààrà. Nígbà tí wọ́n dá ọgbà Addo sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1931, erin mọ́kànlá péré ló kù. Lónìí, díẹ̀ ló kù kí gbogbo abo ibẹ̀ jẹ́ aláìléyín gígùn. Nígbà tí ìdílé bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn bàbá ńlá bá ṣèèṣì gbé wá ni gbogbo ọmọ máa pín.

Ìyípadà kíákíá tún lè dá ẹ̀yà ẹranko tuntun sílẹ̀. Bí àbùdá bá ń yí ní apá kan, tí kò yí ní apá kejì, tí àwọn méjèèjì kò sì gun ara wọn mọ́, ẹ̀yà tuntun dé nìyẹn. Ibi tí èyí ti yá jù lọ ni Adágún Victoria, láàárín Ùgáńdà, Kẹ́ńyà àti Tànsáníà. Nǹkan bí 15,000 ọdún sẹ́yìn ni omi padà kún adágún náà lẹ́yìn tó gbẹ. Láti ìgbà náà ni nǹkan bí 500 ẹ̀yà ẹja tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí epìyà ti yọ jáde níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí ẹ̀yìn akọ rẹ̀ pupa, ni wọ́n fi orúkọ Julius Nyerere sọ. Èkejì rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ní akọ tó ní àwọ̀ búlúù. Abo méjèèjì kò ní àwọ̀ tó tàn, àwọ̀ akọ ni abo sì fi ń mọ ọkọ tirẹ̀. Ole Seehausen àti Jacques van Alphen kó wọn sínú àgbá dígí, wọ́n tan iná tí kò jẹ́ kí pupa yàtọ̀ sí búlúù. Abo kò mọ tirẹ̀ mọ́, ó ń gba èyí tó bá rí.

Iná yẹn kan náà ni ẹ̀gbin ń tan nínú adágún. Àjílẹ̀ láti oko àti ìdọ̀tí láti ìgboro mú omi dọ̀tí, ìmọ́lẹ̀ kò wọlẹ̀ dáadáa mọ́, ẹ̀yà tó ti yàtọ̀ sì ń padà dà pọ̀ mọ́ ara wọn ní etí adágún tí omi rẹ̀ ti rú. Ẹ fi ẹja apẹja ńlá tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn ní àwọn ọdún 1950 kún un, Nile perch, tó gbé ọ̀pọ̀ wọn mì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà ló ti dàwátì. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo irú ẹja bẹ́ẹ̀, omi tó mọ́ ni kó kọ́kọ́ wá, nítorí àwọ̀n àti òfin ìpẹja kò lè dá ojú padà fún abo tí kò ríran.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà yìí kàn wá nílé, ní Nàìjíríà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ka erin Áfíríkà sí oríṣi kan. Ẹ̀rí àbùdá sọ pé méjì ni, pé erin inú ẹgàn àti erin ọ̀dàn ti pínyà láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Lọ́dún 2021, àjọ IUCN tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ohun abẹ̀mí tó wà nínú ewu ka wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àṣírí wá tú. Nígbà tí wọ́n pa wọ́n pọ̀, erin tó lé ní 130,000 tó wà ní Botswana ń bo òfò inú ẹgàn mọ́lẹ̀. Lọ́tọ̀, erin ẹgàn ti dín kù ju ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì bọ́ sí ìpele ewu tó ga jù kí ẹranko tó parẹ́ nínú igbó.

Irú erin bẹ́ẹ̀ ló wà nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Okomu ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní Ọmọ, gẹdú ń wó, oko kòkó ń wọnú igbó lọ, àwọn kan tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ sì ti di ẹ̀ṣọ́ igbó níbẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa retí pé àwọn erin yìí á yí padà kíákíá láti bá wa gbé. Àkọsílẹ̀ láti Dzanga, ní orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, fi hàn pé abo erin ẹgàn máa ń tó bíi ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Abo tí a bí lọ́dún 1960, ọdún òmìnira wa, á di ìyá ní nǹkan bí 1983. Àkọ́bí rẹ̀, bó bá jẹ́ abo, á bí tirẹ̀ ní nǹkan bí 2006. Ọmọ-ọmọ náà kò ní bímọ títí di nǹkan bí 2029. Nínú gbogbo ọdún òmìnira wa, ìran mẹ́ta kò tíì pé fún un, bẹ́ẹ̀ oko kòkó kan kò nílò ju ọdún mélòó kan lọ láti gba ipò ẹgàn. Igbó tó so pọ̀ mọ́ igbó, tí erin lè gbà kọjá láti wá ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ gùn, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà nílò lọ́wọ́ ìjọba Ògùn àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, nígbà tí erin ṣì wà láti gbà á kọjá.