Ṣé o mọ̀ pé ohun tí wọ́n pa rẹ́ lórí Unix àtijọ́ kì í tètè lọ?

Ṣé o mọ̀ pé fódà kò ju fáìlì lásán lọ lórí Unix ìgbà náà, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò lẹ́ẹ̀kan náà ní Bell Labs, ní New Jersey? Nínú ẹ̀dà keje, ti ọdún 1979, báìtì 16 ni ìlà kọ̀ọ̀kan inú fódà: méjì fún nọ́ńbà fáìlì, 14 fún orúkọ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá pa fáìlì rẹ́, nọ́ńbà yẹn nìkan ni ẹ̀rọ ń sọ di òdo? Orúkọ ṣì wà níbẹ̀ gbalaja. Ẹni tó bá tẹ fódà náà jáde bó ṣe wà gan-an á ka orúkọ àwọn tó ti lọ, àfi bí fáìlì tuntun bá ti gba ipò wọn.

Fáìlì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó lè ní orúkọ mẹ́ta ní fódà mẹ́ta. Ìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá tán pátá, tí kò sì sí ètò tó ṣí i sílẹ̀ mọ́, ni ẹ̀rọ tó lè fi ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé fódà tó ṣófo kò ṣófo? Ìlà méjì wà nínú rẹ̀: “.” ń tọ́ka sí òun fúnra rẹ̀, “..” ń tọ́ka sí fódà tó bí i. Ìdí nìyẹn tí rmdir, àṣẹ tó ń pa fódà rẹ́, fi ń pa nǹkan mẹ́ta rẹ́ tẹ̀ léra: ìlà méjèèjì yìí, lẹ́yìn náà orúkọ fódà. Bí iná bá lọ láàárín, fódà náà á di ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀. Ọdún 1983, nínú ẹ̀dà Unix tó ń jẹ́ 4.2BSD, ni wọ́n tó sọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di àṣẹ kan ṣoṣo.

Agbára root, ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, ni rmdir fi ń ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn, ẹni yòówù kó pè é. Ọgbọ́n Dennis Ritchie nìyẹn, ó sì gba pátẹ́ǹtì lé e lórí lọ́dún 1979. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé, ká ní ẹnikẹ́ni lè já fódà tó kún sọnù ni, ohun inú rẹ̀ á ṣì máa jẹ dísìkì gbogbo ilé, láìsí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lórí Multics, ètò míì tó jọ Unix, tí Bell Labs kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1969, delete_dir á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó tó gbá fódà àti gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, òun ló mọ ìwà èèyàn jù. TOPS-20, ètò míì láyé ìgbà yẹn, tún fúnni láyè: DELETE ń fi í pamọ́, UNDELETE ń dá a padà, EXPUNGE ló ń parí ọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀dà keje yẹn kọ̀ jálẹ̀ láti pa “..” rẹ́? Bí kò bá kọ̀ ni, ẹni tó bá tẹ àṣẹ ìparẹ́ “rm -r .*” láìrò ó, òkè ni àṣẹ náà ìbá gbà lọ, sínú fáìlì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àti fódà lost+found, níbi tí fsck, ètò tó ń tún dísìkì tó bàjẹ́ ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ Ted Kowalski, ń kó fáìlì tí kò ní orúkọ mọ́ sí? Wọ́n á kọ́kọ́ fi fáìlì kún un, wọ́n á tún pa gbogbo wọn rẹ́. Fódà kì í sún kì nígbà yẹn, ìlà òfìfo á wà nílẹ̀, fsck kò sì ní í wá ààyè tuntun lórí dísìkì tó ti ń ṣàìsàn.