Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Jókòó Ti Dókítà

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ìyá pàápàá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń bí àwọn kan nínú yín nínú. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó ti wọlé, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí tó jókòó ti dókítà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Dókítà ní: "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Ṣé ẹ gbà kí ó dúró?" Obìnrin náà wí nínú ara rẹ̀ pé: "Ṣé ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?"

Ìbéèrè náà tọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi wà níbẹ̀.

Nígbà kan, inú ọsibítù ńlá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò di dókítà. Ní 1961, Kerr White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò kan láti inú àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú 1,000 àgbàlagbà, láàrin oṣù kan, nǹkan bí 750 ni ara wọn kò dá. 250 lọ rí dókítà. 9 ni wọ́n dá dúró sí ọsibítù. Ẹnì kan ṣoṣo ló dé ọsibítù yunifásítì. Ẹnì kan yìí ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń péjọ lé lórí! Ta ni yóò wá kọ́ wọn ní ti àwọn tó kù, tí ikọ́ àti inú rírun gbé wá?

Ní Edinburgh, ní Scotland, Richard Scott ti ń tọ́jú àwọn ìdílé àdúgbò láti 1948, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1963 wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ dókítà ìdílé, ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé.

Ọdún 1963 yẹn náà ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò Ìbàràpá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà, ní ìlà-oòrùn Kétu wa. Sòbìà pọ̀ ní agbègbè náà nígbà náà. Dókítà tó jókòó sí ìlú ńlá a rí ẹsẹ̀ tó wú. Ẹni tó bá ń gbé láàrin wọn a rí omi tí wọ́n ń pọn, a sì mọ̀ pé omi tí àgbẹ̀ mu ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ló dá a dúró sílé lónìí. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́. (Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.)

Iṣẹ́ méjì yìí kò rọrùn fún ẹnì kan. Ẹni tó ń tọ́jú tó sì ń kọ́ni yóò falẹ̀, àwọn tó jókòó síta yóò máa wo oòrùn. Àwọn mìíràn kì í sì í ṣe é dáadáa: wọ́n á máa sọ Faransé kọjá lórí aláìsàn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èyí kò dára rárá. Ẹ lè ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè yín. Ẹ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ bọ́ṣọ. Ìtọ́jú yín kò gbọdọ̀ dínkù nítorí rẹ̀.

Obìnrin wa yẹn gbà kí ó dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ gbọ́ àyà ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá náà ló fi hàn án bí yóò ṣe gbé e lé èjìká kí ó lè dákẹ́.