Fóònù Afọ̀nàhàn fún Ẹgbẹ́ Alálùpùpù: Èwo Ni Kí Wọ́n Gbé Dání?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ wá sí ilé yóò dúró ní oríta, yóò kí àgbẹ̀ tàbí ìyá ọlọ́jà tí ó bá bá níbẹ̀, yóò sì béèrè ibi tí ọ̀nà gbà. Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi. Fóònù kì í kí ni, kì í sì í béèrè bóyá ilẹ̀ ti ṣú tàbí bóyá àlàáfíà wà lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ dájú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń gbọ́ ọ kì í fi í rántí láti bi ẹlòmíràn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Kàdúná, ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Àbújá, pàápàá àwọn tí wọ́n ti ra alùpùpù ńlá, tí wọ́n sì fẹ́ràn láti máa kó ara wọn jọ gùn ún lọ sí ilé nígbà ọdún. Bí àpẹẹrẹ, kí á sọ pé ọkùnrin mẹ́fà gbéra ní Àbújá ní ìdájí, wọ́n ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Olúkúlùkù ti so fóònù mọ́ ọwọ́ alùpùpù rẹ̀; olúkúlùkù sì ti kọ orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde sínú áàpù tí ó wù ú. Wọ́n jọ dé Lókòjà láìséwu. Lẹ́yìn Lókòjà, fóònù àwọn mẹ́rin tí ó wà níwájú ní kí wọ́n gba Òkẹ̀nẹ̀. Ti àwọn méjì tí ó kù sẹ́yìn, tí ọkọ̀ akẹ́rù ti dí lójú, ní kí wọ́n yà gba Kàbbà. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú àwọn fóònù náà, nítorí ọ̀nà méjèèjì ni ènìyàn lè gbà dé Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mẹ́rin dúró ra epo, wọn kò rí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ́. Wọ́n pè wọ́n títí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ṣé kí wọ́n padà ni, tàbí kí wọ́n dúró, tàbí kí wọ́n máa lọ?

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tí ń dá rìn àti ẹgbẹ́ tí ń rìn pọ̀. Ẹni tí ń dá rìn lè lo áàpù tí ó bá wù ú. Ẹgbẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó wà lókè àti ohun tí ó wà lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí dátà bá ti tán, fóònù kò lè mọ ibi tí òun wà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò GPS, tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, tí ó sì parí pátápátá ní 1995, ní sátẹ́láìtì tí kò dín ní 24 tí ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tí ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà sì ní BeiDou. Iṣẹ́ fóònù ni láti gbọ́ àmì tí àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí ń fi ránṣẹ́. Bí ó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, yóò fi àkókò tí àmì kọ̀ọ̀kan fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣírò ibi tí ó wà. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, fóònù tí kò ní káàdì SIM nínú pàápàá lè ṣe é.

Máàpù ni ó ń fẹ́ dátà. Àwòrán ilẹ̀, orúkọ ìlú àti ìlà ọ̀nà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ti ń fà wọ́n wá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ láàrin igbó, tí ẹni náà kò sì ti gba máàpù sílẹ̀ láti ilé, àmì kékeré tí ń fi ibi tí ó wà hàn yóò máa rìn lórí ojú fóònù tí ó mọ́ fo. Nítorí náà, ìbéèrè kìíní tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bi áàpù kankan ni pé: ǹjẹ́ ó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà?

Àwọn áàpù àti ìwà wọn

Google Maps ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, orí ọ̀pọ̀ fóònù ni ó sì ti wà kí ènìyàn tó rà á. Ní 2017, ó bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà fún alùpùpù lọ́tọ̀ ní Íńdíà, ètò náà sì ti dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, Nàìjíríà wà lára wọn. Ènìyàn lè gba máàpù agbègbè kan sílẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Bí dátà kò bá sí, yóò ṣì júwe ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ibi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà, kò sì ní mú ọ̀nà mìíràn wá fún yíyàn. Ó gbà kí ènìyàn fi ibùdúró mẹ́sàn-án sáàrin ọ̀nà. Èyí wúlò, nítorí ẹni tí ó bá fi orúkọ àwọn ìlú tí ó fẹ́ gbà kọjá síbẹ̀ yóò lè fipá mú un gba ọ̀nà náà.

Waze, tí Google rà ní 2013, yàtọ̀ sí èyí. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn ni ó ń sọ fún un pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, tàbí pé kòtò wà lọ́hùn-ún. Ó ní ipò alùpùpù, ó sì dára láàrin ìlú ńlá bí Èkó. Ṣùgbọ́n dátà ni oúnjẹ rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà jíjìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já, kò ṣe é gbára lé.

OsmAnd àti Organic Maps ń lo máàpù OpenStreetMap, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni káàkiri ayé ń yà láìgba owó. A dá àwọn méjèèjì láti máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà: bí ènìyàn bá ti gba máàpù sílẹ̀ nílé, ó parí. Organic Maps rọrùn, kò sì ní ìpolówó ọjà. OsmAnd le díẹ̀ láti kọ́, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì ní iye máàpù tí ó gbà kí ènìyàn gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ètò alùpùpù, ó sì ní ẹ̀bùn kan tí ẹgbẹ́ nílò, èyí tí a ó sọ láìpẹ́.

Calimoto àti Kurviger ti ilẹ̀ Jámánì wà fún àwọn alálùpùpù nìkan. Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n ń wá kiri, nítorí ibẹ̀ ni adùn gígun alùpùpù wà fún àwọn ará ibẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọjọ́ kan gbafẹ́ láàrin àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tàbí Ìdànrè lè gbádùn wọn. Ẹni tí ó fẹ́ délé kí ilẹ̀ tó ṣú kò nílò wọn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Òwe yìí ni ó ń tú ẹgbẹ́ ká. Bí a bá fún áàpù méjì ní ibi ìgbéra àti ibi ìparí kan náà, ìṣirò kálukú yóò yàtọ̀. Kódà, fóònù méjì tí ń lo áàpù kan náà lè yapa, bí ọ̀kan bá ní dátà tí èkejì kò ní, tàbí bí ọ̀kan bá ṣìnà díẹ̀ tí ó sì tún ọ̀nà rẹ̀ ṣírò.

Àtúnṣe rẹ̀ ni fáìlì tí ń jẹ́ GPX, tí ó ti wà láti 2002. Ènìyàn kan lè jókòó sílé, kí ó ya ìlà ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Bí olúkúlùkù bá ti ṣí i nínú OsmAnd, ìlà kan náà ni gbogbo wọn yóò máa tẹ̀ lé, ohùn yóò sì máa darí wọn lórí rẹ̀. Organic Maps náà lè fi ìlà náà hàn lójú. Google Maps kò ní gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ láti fi darí ènìyàn. Líńkì tí ó ní àwọn ibùdúró nínú ni a lè fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀, fóònù kọ̀ọ̀kan yóò sì tún tirẹ̀ ṣírò láàrin ibùdúró kan sí èkejì.

Ohun tí áàpù kò mọ̀

Ẹni tí yóò ya ìlà náà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ju fóònù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Kàdúná lọ sí Ìlọrin lè rí ọ̀nà Birnin Gwari sí Tegina lójú máàpù bí ọ̀nà àbùjá. Máàpù kò ní sọ fún un pé àwọn ajínigbé ti dá ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò lọ́nà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìṣirò kìlómítà ni iṣẹ́ áàpù. Ìṣirò ẹ̀mí ń bẹ lọ́wọ́ ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ afárá. Ní oṣù June 2017, afárá Tatabu, lójú ọ̀nà Jẹ́bà sí Mokwa, já. Ní ìparí oṣù May 2025, omíyalé ṣọṣẹ́ ní Mokwa, ó sì gba ẹ̀mí tí ó ju 150 lọ. Máàpù tí ènìyàn gbà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè mọ ohun kan nípa rẹ̀. Áàpù kò sì mọ òfin. Ní oṣù September 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi òfin de lílo alùpùpù fún oṣù mẹ́ta nítorí ààbò. Kí á tó gbéra, ó yẹ kí á pe awakọ̀ èrò tàbí ará tí ń gbé ojú ọ̀nà, kí á béèrè bí nǹkan ti rí.

Orúkọ ìlú tún ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí máàpù kì í sábà fi àmì sí èdè Yorùbá. Ido kan wà ní Èkìtì, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàdàn. Oba-Ile kan wà lẹ́bàá Àkúrẹ́, òmíràn wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá yára tẹ èyí tí ó kọ́kọ́ yọjú lè rin ìrìn ọjọ́ kan lórí asán.

Bí ẹgbẹ́ yóò ti rìn

Kí fóònù tó dé ni àwọn alálùpùpù ti ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kó ara wọn pọ̀, ọgbọ́n náà kò sì tíì di àpatì. Olórí yóò wà níwájú; ẹni tí ó dàgbà nínú iṣẹ́ náà yóò kó ẹ̀yìn. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti pín, ẹni tí ó tẹ̀ lé olórí yóò dúró síbi tí ojú ti lè rí i, yóò máa nawọ́ sí ọ̀nà tí wọn yóò gbà, títí tí ẹni tí ó kó ẹ̀yìn yóò fi dé. Bí àwọn mẹ́fà tí a sọ ṣáájú bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Lókòjà, ẹnikẹ́ni kò ní yà gba Kàbbà.

Fóònù olórí àti ti ẹni tí ó kó ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó máa darí. Kí ti àwọn yòókù wà nínú àpò, pẹ̀lú máàpù àti fáìlì náà nínú, fún ọjọ́ ìṣòro. Ó dára kí fóònù olórí àti ti ẹni ẹ̀yìn wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí WhatsApp, ènìyàn lè fi ibi tí ó wà han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ará ilé fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan tàbí wákàtí 8. Ṣùgbọ́n dátà ni èyí ń lò, nítorí náà kí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan nílé lórí àwọn ilé epo tí wọn yóò ti pàdé bí ẹnikẹ́ni bá sọnù.

Ó yẹ kí a tọ́jú fóònù náà. Ilé iṣẹ́ Apple sọ ní 2021 pé ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́, ó sì ní ibi tí ooru rẹ̀ kò ju 35 lórí ìwọ̀n Celsius lọ ni kí á ti máa lò ó. Oòrùn ọ̀sán ní Kàdúná tàbí ní Mokwa a máa ju bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù March àti April, fóònù tí ó sì gbóná jù lè kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n mú ṣájà dání, kí orúkọ àwọn ìlú ojú ọ̀nà sì wà lórí ìwé pélébé nínú àpò. Òfin ìrìnnà kò gbà kí ẹni tí ń wa ọkọ̀ máa lo fóònù. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ fóònù, kí ó kúrò lójú títì kí ó tó ṣe é.

Níkẹyìn, áàpù tí ó yẹ fún ẹgbẹ́ ni èyí tí fóònù ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn lè gbé, tí ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà, tí ó sì lè mú kí gbogbo wọn tẹ̀ lé ìlà kan ṣoṣo. Ní báyìí, OsmAnd ni ó súnmọ́ èyí jù fún ìrìn-àjò jíjìn, kí Google Maps sì máa ràn án lọ́wọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ dán an wò ní ọjọ́ ìsinmi kan ní ibi tí kò jìnnà, kí wọ́n sì pa dátà nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò.

Àìrìn pọ̀ ni ó ń jẹ ejò níyà. Ìyá tí ó ti gbé omi ọbẹ̀ kaná ní Ìjẹ̀bú-Òde kò bìkítà èwo nínú áàpù ni ó yára jù. Ohun tí ó ń retí ni pé kí alùpùpù mẹ́fà tí ó gbéra ní Àbújá jẹ́ mẹ́fà nígbà tí wọ́n bá yà wọ ọgbà.