Ọkọ̀ Ṣáínà: Ìrísí Tí Wọ́n Wò Kọ àti Agbára Tí Ojú Kò Rí

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún ní ìlú Guangzhou ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Landwind ṣí aṣọ lójú jíìpù tuntun kan tí wọ́n sọ ní X7, ẹnu sì ya àwọn tí ó mọ ọkọ̀ dunjú, nítorí pé ojú tí wọ́n rí níwájú wọn kì í ṣe ojú àjèjì. Bí òrùlé rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń tín-ín-rín bí ó ti ń súnmọ́ ìdí ọkọ̀, bí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí, títí kan bí wọ́n ṣe to lẹ́tà orúkọ rẹ̀ gbọọrọ sí etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ni ó jọ Range Rover Evoque ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Owó ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: iye tí wọ́n ń ta Landwind yìí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye Evoque lọ ní ọjà Ṣáínà kan náà.

Jaguar Land Rover, tí ó ni Evoque, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ní Beijing ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò lọ tààrà. Ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Ṣáínà wọ́gi lé ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fi dáàbò bo àwòrán Evoque, nítorí pé wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà síta gbangba kí wọ́n tó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òfin sì sọ pé ohun tí gbogbo ayé ti rí kò ṣe é pè ní tuntun mọ́. Wọ́n wọ́gi lé ti Landwind náà, nítorí pé ó jọ Evoque jù. Ó di oṣù kẹta ọdún 2019 kí kóòtù àdúgbò Chaoyang tó dá a pé ohun márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a fi ń dá Evoque mọ̀ ni Landwind kó sára ọkọ̀ tirẹ̀, pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ṣíṣe é, títà á àti ìpolówó rẹ̀, kí wọ́n sì san owó gbà-máà-bínú.

Kì í ṣe Landwind ni ó bẹ̀rẹ̀ àṣà náà. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Chery gbé ọkọ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ QQ jáde, àwọn ọ̀gá General Motors sì ké gbàjarè pé Matiz tí Daewoo ti Kòríà ṣe, èyí tí àwọn ń tà ní Ṣáínà lórúkọ Chevrolet Spark, ni wọ́n wò kọ láti orí dé ìdí; wọ́n ní ènìyàn lè yọ ilẹ̀kùn ara Spark kí ó gbé e kọ́ ara QQ, kí ó sì pa rẹ́gí. Wọ́n yanjú aáwọ̀ náà níta kóòtù ní ọdún 2005. Ti Honda ni ó yani lẹ́nu jù, nítorí pé nígbà tí ó pe ilé-iṣẹ́ Shuanghuan lẹ́jọ́ pé ó wo CR-V òun kọ, ẹjọ́ náà fà lọ rẹrẹẹrẹ fún ọdún mẹ́wàá ó lé, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé kóòtù tó ga jù lọ ní Ṣáínà ní kí Honda tí ó pẹjọ́ wá san mílíọ̀nù 16 yuan fún ẹni tí ó pè lẹ́jọ́, nítorí àwọn ìwé ìkìlọ̀ tí ó ti kọ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń bá Shuanghuan ta ọkọ̀.

Kí ni ó fa irú ìwà yìí? Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ìbínú nìkan dáhùn yóò padà sí ọdún 1984, nígbà tí Volkswagen ti Jámánì bá àwọn ará Ṣáínà da owó pọ̀ láti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Shanghai. Ìlànà tí ìjọba sì wá gbé kalẹ̀ ni pé àjèjì kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì lọ nínú ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ àwọn, ìlànà yìí kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ títí di ọdún 2022. Báyìí ni ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà ṣe kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá àjèjì, tí àwọn tí ń rọ páàtì ọkọ̀ sì pọ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ títo ọkọ̀ pọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ fífi ọpọlọ ẹni hùmọ̀ rẹ̀. Ọdún 2008 ni Land Rover ti gbé ọkọ̀ àpẹẹrẹ Evoque hàn ní Detroit, tí wọ́n pè é ní LRX, ọdún 2011 ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ilé-iṣẹ́ tuntun tí kò ní owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní àgbà ayàwòrán kankan, ohun tí ó yá a lára ni kí ó ra ọ̀kan lọ́jà, kí ó tú u dé orí nọ́ọ̀tì tó kéré jù, kí ó wọn ún, kí ó sì rọ irú rẹ̀.

Èmi kò gbè sẹ́yìn ìwà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta ronú lórí ìtẹ̀sí òrùlé ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ tà láìbéèrè ti jalè. Síbẹ̀, kí àwọn tí ń fi Ṣáínà ṣe ẹlẹ́yà má gbàgbé pé ọkọ̀ AA tí Toyota kọ́kọ́ tà ní ọdún 1936 jọ Airflow tí Chrysler ti Amẹ́ríkà ṣe, jíjọ tí kò fara sin, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì rántí ìyẹn mọ́ nígbà tí a bá ń yin Toyota.

Ìrísí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọdún 2005, ADAC, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Jámánì, mú jíìpù Landwind mìíràn, èyí tí ìrísí tirẹ̀ jọ Opel Frontera, wọ́n sì fi eré kìlómítà 64 ní wákàtí kan gbé e forí sọ ohun ìdíwọ́ láti mọ bí yóò ti dáàbò bo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Iwájú ọkọ̀ náà wó wọ àyè tí awakọ̀ ń jókòó sí, àwọn tí ó dán an wò sì sọ pé láti ogún ọdún tí àwọn ti ń ṣe iṣẹ́ náà, àwọn kò tíì rí èyí tó burú tó o. Ní ọdún 2007, ọkọ̀ Ṣáínà mìíràn, Brilliance BS6, gba ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún níbi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ju pé, nínú ọkọ̀ tó dára, irin iwájú ni a ṣe kí ó ká kò díẹ̀díẹ̀ láti gba agbára ìkọlù, nígbà tí irin òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ le kókó kí ó má tẹ̀. Irú irin tí a lò, bí a ti mú un gbóná kí a tó tẹ̀ ẹ́, àti ibi tí a jó o pọ̀ sí, kò sí èyí tí ènìyàn lè fi téèpù wọ̀n lára ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ṣùgbọ́n ọmọdé náà dàgbà. Ní ọdún 2010, Geely ra Volvo lọ́wọ́ Ford, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ súnmọ́ àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ti ń dá ẹ̀mí sí nínú ọkọ̀. Ní ọdún 2013, ọkọ̀ Ṣáínà tí ń jẹ́ Qoros 3 gba ìràwọ̀ márùn-ún lọ́wọ́ Euro NCAP, àjọ tí ń dán ọkọ̀ wò ní Yúróòpù. BYD, tí Wang Chuanfu dá sílẹ̀ ní Shenzhen ní ọdún 1995 láti máa ṣe bátìrì, tí F3 rẹ̀ ti ọdún 2005 sì jọ Toyota Corolla débi pé ẹni tí kò bá wo àmì orí rẹ̀ lè ṣìnà, ni ó lọ gba Wolfgang Egger tí ó ti jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ní Audi. Ní ọdún 2022, Atto 3 ti BYD gba ìràwọ̀ márùn-ún. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, Volkswagen tí ó ti ṣe olùkọ́ ni ó gbé nǹkan bí mílíọ̀nù 700 dọ́là kalẹ̀ láti ní ìpín nínú XPeng, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan, kí ó lè rí ìmọ̀ ọkọ̀ oníná lò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́dún náà ni Ṣáínà ta ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 4.9 sí ilẹ̀ òkèèrè, tí ó sì gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ Japan.

Èyí kò wí pé gbogbo rẹ̀ ti dán mọ́rán. Xiaomi SU7, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó jọ Porsche Taycan, kọlu ìdènà kọ́ńkéré ní òpópónà márosẹ̀ ìpínlẹ̀ Anhui ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọmọ yunifásítì mẹ́ta sì kú. Ètò tí ń bá awakọ̀ darí ọkọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ títí di ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí ìkọlù náà tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Ṣáínà ká àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ kò, pé wọn kò gbọ́dọ̀ máa polówó irú ètò bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ lè wa ara rẹ̀.

Ohun tí ó kan àwa ará Áfíríkà jù lọ nìyí. Ní ọdún 2020, àjọ Global NCAP dán Steed 5 tí Great Wall ń tà ní Gúúsù Áfíríkà wò, kò sì gba ìràwọ̀ kankan. Ní ọdún 2022, Great Wall kan náà gbé Ora Funky Cat lọ sí Yúróòpù, ó sì gba ìràwọ̀ márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní òye láti dáàbò bo ẹ̀mí ará Yúróòpù kò ṣe aláìní òye náà nígbà tí ó ń rọ ọkọ̀ fún Gúúsù Áfíríkà; ohun tí òfin ọjà kọ̀ọ̀kan béèrè ni ó fún un. Ọkọ̀ Ṣáínà kò ṣàjèjì láàrin wa mọ́, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fi ọkọ̀ GAC bẹ̀rẹ̀ takisí LAGRIDE láti ọdún 2022. Nítorí náà, mo bẹ SON, àjọ tí ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, kí wọ́n sọ ọ́ di dandan pé ọkọ̀ tuntun tó bá fẹ́ wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbé èsì ìdánwò ìkọlù lọ́wọ́. Ìwọ tí o sì fẹ́ ra ọkọ̀, má ṣe jẹ́ kí ìràwọ̀ tí wọ́n fún irú ọkọ̀ náà ní Yúróòpù tẹ́ ọ lọ́rùn: béèrè iye ẹ́àbáàgì tó wà nínú èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ gan-an, kí o sì béèrè ẹni tí ó dán an wò.