Ọkpa Ta Ni Ká Rà?

Tí ẹ bá ń gba Ninth Mile wọ Enugu láàárọ̀, mọ́tò ò ní tíì dúró tán tí àwọn ọlọ́kpa á fi yí i ká. Ọkpa jọ mọ́ínmọ́ín, epo pupa ló pọ́n ọn, ó sì lè gbé èèyàn dọ́sàn-án. Gbogbo wọn ló ń ké pé tàwọn ló gbóná jù. Ẹ ò tọ́ tìkankan wò rí, dẹ́rẹ́bà sì ti ń fọn fèrè. Ọwọ́ ta lẹ ó ti rà?

Ohun tó ń dojú kọ ejẹ́ǹtì inú kọ̀ǹpútà nìyí. (Kì í ṣe ejẹ́ǹtì tó ń gbowó ilé o!) Ètò kan ni, wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa yan bó ṣe máa jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká rán an lọ ra ọkpa.

Á kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún ọlọ́kpa kọ̀ọ̀kan: bó ṣe rò pé tiẹ̀ á dùn tó. Ká ní ó fún ìyá àkọ́kọ́ ní 5. Ó tọ́ ọ wò, adùn rẹ̀ tó 8. Ó fi 3 lé sí ohun tó retí. Kò ní fò sórí 8 lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá. Ìdajì 3 yẹn ló máa fi kún un, ó di 6.5. Lọ́jọ́ kejì, adùn ò ju 4 lọ. Ó fi 2.5 dín, ó yọ ìdajì rẹ̀, ó ku 5.25. Ọjọ́ tí ohun tó retí àti ohun tó rí bá dọ́gba, kò kọ́ nǹkan kan.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan kọ́ ló ń ṣe irú ìṣirò yìí. Robert Rescorla àti Allan Wagner, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, gbé e jáde ní 1972 láti ṣàlàyé bí ẹranko ṣe ń mọ̀ pé agogo ti dún, oúnjẹ ń bọ̀. Richard Sutton àti Andrew Barto, tí wọ́n gba Ẹ̀bùn Turing ti 2024, mú irú èrò yìí wọ inú kọ̀ǹpútà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ohun tí wọ́n yá padà sílé: ní 1997, Wolfram Schultz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ ọ̀bọ ń ṣe bí ẹni ń ṣe ìṣirò yìí gan-an. Omi èso tí ọ̀bọ ò retí máa ń ta wọ́n jí. Èyí tó ti ń retí ò mì wọ́n. Tó bá retí tí kò dé, wọ́n á panu mọ́.

Àmọ́ tí ejẹ́ǹtì bá ń lọ bá ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù lójoojúmọ́, kò ní mọ̀ láé bóyá ti ìyá tó dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún dùn jù ú. Ni wọ́n bá ní kó lọ bá kọ́sítọ́mà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kó ra tẹni tójú rẹ̀ bá bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń dín ẹ̀ẹ̀kan yẹn kù.

Fèrè dẹ́rẹ́bà ńkọ́? Herbert Simon ti kọ ọ́ ní 1956 pé ẹ̀dá kì í wá èyí tó dára jù lọ. Èyí tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn ló ń mú. Ẹ fún ejẹ́ǹtì ní òdiwọ̀n 6: ẹni àkọ́kọ́ tó bá dé ibẹ̀, kó rà á, kó wọ mọ́tò.

Kì í ṣe gbogbo ìwà wa ló yẹ ká kọ́ ọ ṣá. Ẹ wo ìyá tí igi ìdáná rẹ̀ tutù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ọkpa rẹ̀ ò jinná. Nọ́ńbà rẹ̀ wálẹ̀. Tí wọ́n bá ti dín ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá yẹn kù tán, ejẹ́ǹtì ò ní padà lọ mọ́, kò sì sí bó ṣe máa mọ̀ pé láti ọjọ́ kejì ni ọkpa ìyá yẹn ti ń dùn. Èmi náà mọ búkà kan báyẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.